Ẹni Tí Ó Ní Òun Nìkan Ni Yóò Ṣe É

Àwàdà kan wà tí kò wọ́n ní ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, pàápàá àwọn tí wọ́n ti Ìkẹjà, Ògbà àti Agége wá, tí àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa sì kà sí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Àwàdà àwọn tí ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù ni. Ọ̀kan nínú wọn yóò ní òun yóò ta géèmù tí ó le jù lọ ní ayé láìjẹ́ kí ọ̀tá fi ọwọ́ kan òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì yóò ní ìyẹn kò tó nǹkan, pé ẹsẹ̀ ni òun yóò fi ta tirẹ̀, òun yóò sì di ojú mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta tí ó ti dákẹ́ láti ìgbà yìí wá yóò wú ikọ́, yóò ní òun kò tún ta géèmù ẹnikẹ́ni mọ́. Òun fúnra òun ni yóò ṣe ọ̀kan, òun nìkan ni yóò ya àwòrán rẹ̀, òun nìkan ni yóò kọ orin rẹ̀, kí wọ́n sì máa retí rẹ̀ ní ọjà bí ó bá di ọdún 2050. Gbogbo wọn yóò sì bú sí ẹ̀rín.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀rín kan náà ni wọ́n fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. A fẹ́ gbèjà àwọn méjì àkọ́kọ́ níwájú àwọn olùkọ́ wa, a sì fẹ́ bá ẹ̀kẹta jiyàn díẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé fún ẹni tí nǹkan wọ̀nyí ṣe àjèjì sí. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí géèmù lásán kò tẹ́ lọ́rùn mọ́, nítorí náà wọ́n a máa fi òfin tiwọn kún òfin eré náà, kí ó lè nira sí i. Ní ọdún 2010, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Nick Franco ń ta Pokémon, eré tí a ti ń mú àwọn ẹranko àràmàǹdà, tí a sì ń fi wọ́n jà. Ó ṣe òfin fún ara rẹ̀ pé ẹranko èyíkéyìí tí ó bá dákú lójú ìjà ti kú nìyẹn, òun kò sì gbọdọ̀ tún lò ó mọ́. Ó ya àwòrán ẹlẹ́rìn-ín nípa rẹ̀, àwọn ènìyàn sì tẹ̀lé òfin náà títí tí ó fi di àṣà tí a ń pè ní Nuzlocke. Géèmù mìíràn wà tí ó ti Japan jáde ní ọdún 2011, Dark Souls ni orúkọ rẹ̀. Òkìkí tí ó ní ni pé ó máa ń pa ẹni tí ń ta á ní àpatúnpa. Síbẹ̀ àwọn kan jókòó tì í, wọ́n fi ìlù ta á dípò páàdì. Àwọn kan gun orí ẹní ijó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ta á. A sì rí ẹni tí ó so wáyà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fi í ṣe páàdì. Láti ọdún 2010 kan náà ni àwọn tí ń sáré parí géèmù ti ń péjọ lábẹ́ orúkọ Games Done Quick, tí wọ́n ń ta eré fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ayé, tí owó tí àwọn òǹwòran bá dá sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, lára wọn ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń wo aláìsàn ní ibi ogun.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè bi wá pé èrè wo ni ó wà nínú fífi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta géèmù. Àwa náà a bi í pé èrè wo ni ó wà nínú ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni a ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni a ń pè ní ọ̀pẹ. Ta ni ó ti dé ibi tí a ti ń ta ayò rí, tí ó bá a ní ìdákẹ́rọ́rọ́? Ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe ẹlẹ́yà, òǹwòran a máa dá sí ohun tí kò kàn án, ọ̀pẹ pàápàá a sì máa fọ́nnu nígbà tí ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní í rí ọmọ kan jẹ mọ́. Ọ̀ta tí ó bá sì dá ara rẹ̀ lójú a máa wo ojú ibòmíràn bí ẹni pé kò náání ọpọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ka gbogbo ọmọ inú rẹ̀ tán. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe pé ó fi ìnira kún eré ara rẹ̀, kí iyì rẹ̀ lè pọ̀ sí i? Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni wọ́n dá àṣà yìí sílẹ̀. Àwàdà náà pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ohun tí ó mú kí irú eré bẹ́ẹ̀ dára ni pé ẹni tí ń ṣe é ni ó yan ìnira náà fún ara rẹ̀, ó mọ òfin rẹ̀, ó ní ẹlẹ́rìí, bí ara bá sì kọ̀ ọ́ ó lè dìde. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ ọmọ Èkó ni ti Túndé Ọnàkọ̀yà. Ọmọkùnrin yìí dàgbà ní Ìkòròdú, inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018 láti máa fi eré náà kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ó jókòó ní Times Square ní ìlú New York, ó sì ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọ Norway méjì ni wọ́n ti ta á pẹ́ jù lọ, ní ọdún 2018, fún wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú 9. Òfin rẹ̀ fún wọn ní ìṣẹ́jú 5 péré láti sinmi fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ Norway mìíràn kọjá wákàtí 61 ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ó padà lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó sì ta á fún wákàtí 64.

Gbogbo Èkó ni ó yọ̀, àwa pẹ̀lú yọ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ béèrè ohun kan: ta ni ó bá a ta á? Nítorí a kì í dá ṣẹ́ẹ̀sì ta, bí a kì í ti dá ayò ta. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Shawn Martinez ni ó jókòó sí òdì kejì tábìlì náà ní ọdún 2024, òun náà ni ó tún jókòó síbẹ̀ ní ọdún 2025. Iye wákàtí tí Ọnàkọ̀yà kò fi sùn ni òun náà kò fi sùn. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà Ọba Akran, ẹ béèrè rẹ̀ ní ọjà Agége, kí ẹ sì wò ó bí ẹ ó rí ẹni 2 nínú 20 tí yóò dá yín lóhùn. A kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù, nítorí Ọnàkọ̀yà fúnra rẹ̀ kò fi ẹnì kejì rẹ̀ pamọ́. Àwa tí a ń ròyìn ni a fẹ́ràn ẹyọ ẹnì kan nínú ìtàn.

Ó sì yẹ kí a sọ ti ọdún 2023 pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a ń yin gbogbo àṣejù. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà Hilda Baci se oúnjẹ ní Èkó, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni ìwé Guinness kà sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí orí gbogbo ayé fi dàrú. Olúkúlùkù ń wá ohun tí yóò ṣe títí tí yóò fi ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun yóò sunkún fún 100 wákàtí. Ojú rẹ̀ wú, kò sì ríran fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Àwọn aláṣẹ Guinness ní kò tilẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìnira wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n òfin kò sí, alábòójútó kò sí, ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́ kò sí. Ẹni tí ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta géèmù gbọ́n jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ní òun nìkan ni yóò ṣe géèmù. Àwàdà ni ó pè é, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọkàn rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n ṣe é tí ó yọrí. Ìtàn Eric Barone ni wọ́n máa ń sọ jù. Ó fi bí ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣe Stardew Valley, géèmù nípa oko àti ìletò. Òun ni ó kọ kóòdù rẹ̀, òun ni ó ya àwòrán rẹ̀, òun ni ó kọ orin rẹ̀, òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìletò náà ń sọ. Ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, iye tí a ti tà ti lé ní 40 mílíọ̀nù. Ìtàn Toby Fox tẹ̀lé e, ẹni tí ó gbé Undertale jáde ní ọdún 2015.

Ìtàn dídùn ni ìtàn méjèèjì, òtítọ́ sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ fún wa ti gé apá kan kúrò. Ní gbogbo ọdún tí Barone fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, olólùfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ń ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ń lọ fi àyè ìjókòó han àwọn òǹwòran ní ilé ìtàgé kan ní Seattle láti rí díẹ̀ kún un. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé e jáde, ilé iṣẹ́ kan wà tí ó bá a gbé e dé ọjà. Fox ní tirẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé ní ọdún 2013, wọ́n sì dá 51,124 dọ́là fún un kí ó tó ṣe é parí. Temmie Chang sì wà níbẹ̀ tí ó bá a ya àwòrán. Bí èyí bá jẹ́ dídánìkanṣe, a jẹ́ pé ọba náà ń dánìkan gbé ààfin.

Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ ní Seattle, níbi tí iná kì í lọ, báwo ni kí ó ti rí ní Agége? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa mọ àwàdà tí ń gbòde ní agbègbè yìí. Wọ́n ní àwọn kò nílò òfin kankan láti fi kún géèmù, nítorí Nẹ́pà ti bá wọn fi kún un. Wọ́n ní nínú géèmù tí a ń ta ní Ògbà, ọ̀tá ìkẹyìn, èyí tí ó le jù gbogbo wọn lọ, kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Orí òpó iná ni ó wà. Wọ́n a máa ta á pé kí a parí ìpele yìí kí epo inú jẹnẹrétọ̀ tó tán. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí, a ó sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìnira yìí kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni yàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 fún lítà kan sì súnmọ́ 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 iye tí àwọn tí wọ́n wà ní ìpele kìíní ń san fún iná kúrò ní náírà 68, ó di 225 lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ Dunlop tí ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ àti owó rẹ̀, dá táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008, ọ̀wọ́n iná sì wà lára ohun tí a gbọ́ pé ó fà á. Ohun tí ó borí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún 19 kan ní òun yóò fi kọ̀ǹpútà aláàlòkù tí ó rà ní Òtìgbà bá jìjàkadì, òun nìkan.

Níhìn-ín ni àwàdà náà ti di ewu. Bí ẹni tí ń ta Dark Souls bá kùnà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí ń dá géèmù ṣe bá kùnà lẹ́yìn ọdún 3, kò sí ẹni tí ó rí i, kò sí ẹni tí yóò bá a rẹ́rìn-ín, yóò sì rò pé òun ni kò ní ẹ̀bùn. Kò ní í rò pé iná ni kò sí, tàbí pé kò sí ẹni tí ó bá òun ya àwòrán. Nítorí pé ó ti sọ ìnira ọ̀ràn-an-yàn di òfin eré, ó ti gba ẹ̀bi rẹ̀ rù. A mọ àwọn tí wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà wọn dé lọ́nà yìí, tí wọn kò sì jẹ́ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Àwọn tí wọ́n ṣe é tí ó dúró ní Èkó kò gba ọ̀nà yìí. Nígbà tí Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní ọdún 2012, àwọn eré kéékèèké ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nípa ọ̀kadà àti nípa ẹ̀fọn, ohun tí gbogbo ará Èkó mọ̀ dé egungun. Ilé iṣẹ́ ni ó dá sílẹ̀, kì í ṣe àhámọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ní iṣẹ́ náà. Ọdún 2012 yìí náà ni Abíọ́lá Ọláníran, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá Gamsole sílẹ̀, tí ó ń ṣe géèmù fún àwọn fóònù Windows nígbà tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọjà.

Bí a bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a bi Agége fúnra rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ kan tó dé agbègbè yìí, oko ni gbogbo rẹ̀, oko kòkó àti oko obì. Ní ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀, J. K. Coker sì ni olórí wọn. Ọlọ́rọ̀ ni ọkùnrin náà, ó lè ní òun yóò dá tòun gbìn. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ọgbọ́n wọn jọ, ìmọ̀ kòkó sì ti ọ̀dọ̀ wọn tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

A mọ èsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò fún wa. Wọn yóò ní àjọṣe a máa dá ìjà sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá dá ṣe tirẹ̀ ní òmìnira, kò sí ẹni tí yóò bá a pín owó, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó yí àwọ̀ kan padà. Òtítọ́ ni. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí orí kan ṣoṣo ni ó lè bí wọn. A kò rò pé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ni ó lè ronú kan Undertale. Ẹni tí ó bá ní irú orí bẹ́ẹ̀, kí ó ronú ní òun nìkan. Kí ó ṣáà jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé epo.

Sí àwọn olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé bí ẹ bá gbọ́ àwàdà yìí ní yàrá ìjẹun, kí ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ bi ẹni tí ó sọ ọ́ ní ìbéèrè kan: ta ni yóò ya àwòrán rẹ̀? Bí ó bá ní òun ni, ẹ bi í pé ta ni yóò kọ́kọ́ ta á kí ó tó dé ọjà, kí ó lè sọ fún un pé kò dùn. Àwa náà tí a ó máa lọ fi ìkọ́ni dánra wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Agége àti Ìkẹjà, a ó bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé ní ìjókòó ẹ̀yìn, ìwé ìṣirò rẹ̀ yóò kún fún àwòrán ìjà. Kí a tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wá ẹnì kejì tí yóò jókòó tì í.

Ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níhìn-ín, àbá kan wà tí a fẹ́ gbé kalẹ̀. Ayò wà lórí fóònù lónìí, ṣùgbọ́n èyí tí àwa rí yadi. Ọmọ ayò ń rìn, ẹnikẹ́ni kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a ṣe ọ̀kan tí ọ̀ta inú rẹ̀ yóò máa fi èdè Yorùbá gidi bú ọ̀pẹ, tí àwọn òǹwòran rẹ̀ yóò sì máa dá sí i. Àwọn tí wọ́n mọ kóòdù kọ wà láàrin wa, ẹni 2 ni a mọ̀; àwọn tí wọ́n mọ àwòrán yà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba tí yóò fún wa ní èébú náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa, ìrọ̀lẹ́ kan ti tó láti fi gba ohùn wọn sílẹ̀, bí a bá ra obì dání. Ohun tí ó kù ni invẹ́tà, a ó sì gbé ìyẹn dé iwájú àwọn aláṣẹ ní ìpàdé tí ń bọ̀.